Aṣọ Pupa Ojú Ọ̀nà Ẹ̀dúnàbọ̀n

Tí mo bá rí aṣọ pupa, inú ṣì máa ń bí mi. Irú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi máa ń fì sí àwọn awakọ̀ nírọ̀lẹ́ lójú ọ̀nà Ẹ̀dúnàbọ̀n, níbi tí ẹtu ti máa ń sọdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa. Awakọ̀ á yọrí lójú fèrèsé: "Bàbá, àbí ẹtu ni àna yín?"

Bàbá á ní, "Ẹtu ò ní bíréèkì. Ìwọ lo ní in. Tẹ̀ ẹ́!"

Ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ kan rí ẹtu lójú títì, ó tẹná, ó fẹ́ fi mọ́tò pa ẹran ọbẹ̀. Ẹtu sá lọ, bàbá ló gbá. Kọ eléyìí sílẹ̀ dáadáa, ọmọ mi: ọkùnrin yẹn sọ̀kalẹ̀, ó fo bàbá tó ń kú lọ kọjá, ó wọ igbó lọ wá ẹtu.