Ilẹ̀ Tó Kílíà Jù ní Bìní

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo dé gáréèjì Iléṣà, nítorí ìjọba Bẹ́ńdẹ̀lì ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, a kì í sì jẹ́ kí ìjọba dé ibì kan kó má bá ènìyàn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, Ìyá Rẹ̀mí, opó ni. Ẹ̀wà àti gàrí ló ń tà ní ọjà Santana ní ìlú Bìní, èrè rẹ̀ ló sì fi ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn Siluko Road, tó fẹ́ kọ́lé sí kó lè kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tó háyà. Ìjọba wá ní títì ńlá kan yóò gba orí ilẹ̀ náà kọjá. Ohun tó kù tí ẹ̀gbọ́n mi ń retí ni owó gbà-má-bínú tí yóò fi ra òmíràn. Ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá dúró ti òun, torí èmi ni olùkọ́ nínú wa.

Fún àwọn tí kò tíì gbọ́, láti ìgbà tí àwọn ológun ti ṣe òfin ilẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ gómìnà, kó máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Aláàánú ènìyàn ni. Àwa tí a fowó rà á wá di àlejò lórí rẹ̀.

Náírà mẹ́jọ ni Pijó gbà dé Bìní. Èrò méje ló yẹ kó kó, mẹ́sàn-án ló kó, dírẹ́bà sì ní kí a fún ara wa láyè bí ẹni pé a gbé àyè náà pamọ́ sínú àpò. Láàárín Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀, kòtò pọ̀ ju ojú ọ̀nà lọ.

Mo ní, "Wọn ò tún ọ̀nà yìí ṣe ni?"

"Bàbá, wọ́n ń tún un ṣe."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀."

Ní Ọ̀rẹ̀, mo fi náírà kan jẹ ìrẹsì àti ẹran ìgbẹ́ kan tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ nìkan ló tó náírà. Ọ̀nà dára díẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ dípò àwọn tó bọ́ sílẹ̀ ń sọ pé "Kóyo," mo mọ̀ pé a ti ń sún mọ́ Bìní, nítorí bí wọ́n ṣe ń kíni nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré, kò sí "ẹ kú ìrìn," kò sí "ẹ kú ooru." Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ ìbá ti gbéra kí a tó kíra tán.

Àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ yàrà jíjìn yí ìlú náà ká láyé àtijọ́ láti fi ààlà wọn hàn. Wọn kò ní fáìlì, wọn kò ní nọ́ńbà, yàrà náà sì wà níbẹ̀ dòní. Ìjọba ní tòun ń sọ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ di ti òde òní. Wọ́n ti ra fáìlì tuntun, wọ́n ti fún gbogbo ilẹ̀ ní nọ́ńbà. Mo gbọ́ pé òrùlé ilé tí wọ́n ń kó fáìlì náà sí ń jò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a kánjú.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Rẹ̀mí, ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, kúnlẹ̀ ní Yorùbá, ó sì kí mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó kó tó mú mi lọ wo ilẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀ náà mọ́! Èèyàn lè tẹ́ oúnjẹ sórí rẹ̀ kó jẹ ẹ́.

Mo ní, "Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà yín dà? Àti ẹ̀gẹ́?"

Ó nawọ́ sí òkìtì kan lẹ́bàá ilẹ̀. "A ti gé wọn, Délé. Àwọn ará ìjọba gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn gba àdúgbò kọjá, wọ́n ní, 'Make una land clear before Thursday.' Mo gba alágbàṣe mẹ́ta. A ṣán an, a ro ó, a gbá a. Ilẹ̀ tèmi kílíà!"

Mo kí i kú iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ni wá, a kì í gba àlejò pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ilẹ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ti bàbá Bìní kan tí wọ́n ń pè ní Papa Osaro, igbó ni. Ẹ̀gẹ́, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ àti ilé adìyẹ kan tó ti wó tán wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé.

"Wo bí ọ̀lẹ ṣe ń ṣe. Ojú á tì í lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ àti fáìlì tuntun lábẹ́ abíyá. Ilẹ̀ Papa Osaro ló kọ́kọ́ yà sí. Ó ka ìbẹ́pẹ, ó ka ọ̀pẹ, ó yí ilé adìyẹ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń kọ, ó ń kọ. Ẹnu wá ń yà wá pé kí ló ń rí kọ nínú irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ́dọ̀ wa.

Ó ní, "Madam, your land fine o."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí etí.

"But nothing dey." Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó pa fáìlì dé.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ bi í léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Pidgin ló fi dá mi lóhùn: "Government no dey pay for ground. Na wetin dey on top we dey pay." Ìjọba kì í sanwó ilẹ̀, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún: ilé, igi, ohun ọ̀gbìn. Gómìnà ló ṣáà ni ilẹ̀, kí ló máa tún ra ohun tirẹ̀ fún?

Ẹ̀gbọ́n mi kígbe, "But na una say make land clear!"

"Clear, Madam! Make quarrel no dey. Make two people no dey drag am. Who call cutlass?"

Kílíà tiwọn ni pé kí ìjà má sí lórí ilẹ̀. Kílíà tiwa ni àdá àti ìgbálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ síbi òkìtì, ó fa igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan yọ, ó gbé e nàró, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "E don stand! Write am! I say make you write am!"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Madam, abeg," ló sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ igi náà kalẹ̀. Papa Osaro, tí a ní ojú máa tì, ló wá rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Iléṣà ni mo ti ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú mi níbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ padà, ẹ̀gbọ́n mi di odidi àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún mi láti inú òkìtì náà, ó ní kó má bàa rà dànù. Dírẹ́bà gba náírà kan lórí àpò náà. Òun nìkan ló rí i pé ó tó ohun tí à ń sanwó fún.

Ẹ̀yin ará ilé, bí ìjọba bá ní kí ilẹ̀ yín kílíà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè irú èdè tí wọ́n ń sọ.

Mo délé nírọ̀lẹ́. Ìyàwó mi din dòdò, àwa àtàwọn ọmọ jókòó tì í.

Ó ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bìní mà dùn o. Ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín wá ńkọ́?"

Mo ní, "Òun la ń jẹ yìí."