Ọmọrí Oníkọ́kọ́rọ́

Èmi ni mo ra ọmọrí oníkọ́kọ́rọ́ náà. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ẹ̀bi mi pamọ́ sẹ́yìn ìtàn. Ìdúmàgbò ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ lórí tábìlì. Mo fi dé ẹnu táǹkì pikọ́ọ̀pù wa, mo tì í, mo sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọmọrí àtijọ́, tí bàbá wa ti wé àkísà mọ́ létí kó lè fún, mo jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Bàbá wa rà á nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ó sì fi kó ẹrù títí ó fi kú. Òun ló kọ́ èmi àti àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń tú kabúrétọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fẹnu fẹ́ páìpù epo. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa yàtọ̀. Èmi ni mo ń lo ọkọ̀ náà báyìí, mo ń fi kó bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ike láti Ìdúmàgbò lọ fún àwọn oníbàárà mi. Àbúrò mi ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná. Ilé bàbá wa ní Ẹnu Ọwá ni gbogbo wa ń gbé, àgbàlá sì ni ọkọ̀ ń sùn sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá àbúrò mi gan-an, nítorí kò síbòmíràn tó lè gbà á.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òórùn epo ń wọlé bá àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò mi bẹ̀ mí pé kí n máa gbé ọkọ̀ síta, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í pé ta ló máa bá mi ṣọ́ ọ. Nígbà kejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mọ́tò yìí máa kọ̀ tí ò ní jí mọ́, gbogbo wa á sì sinmi." Àwàdà ni, mo sì mọ̀ pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n inú mi máa ń tètè bí, ẹni tínú ẹ̀ sì máa ń tètè bí kì í ju ọ̀rọ̀ nù. Ó máa ń kó o jọ bí igi ìdáná ni, de ọjọ́ tó máa ṣáná sí i.

Lákòókò yẹn, ó ti ń ṣe mí bí ẹni pé epo ọkọ̀ ń tètè tán. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo kàn lọ ra ọmọrí. Nínú ilé wa, a kì í ti ilé ìdáná pa. Ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ á wọlé lọ bu iyọ̀. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ tí mo fi sí táǹkì yẹn, ọ̀rọ̀ ni, kó tiẹ̀ jẹ́ pé mi ò lanu. Àbúrò mi rí i lọ́jọ́ kejì. Ó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ ti ra kọ́kọ́rọ́," ló wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó di Sátidé, mo rọ epo kún táǹkì dé ọrùn, mo kó ẹrù, mo jáde. Ní Adéníji Adélé, ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kò kú lójijì. Ó kọ́kọ́ ń fà, ó ń wúkọ́, ó wá dákẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bú mi dáadáa, èmi náà ò sì jẹ wọ́n ní gbèsè. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí táǹkì wò. Epo wà níbẹ̀. Mo dé e padà, mo tì í, mo ṣíná, ó jí bí ẹni pé kò ṣe é rí. Mo wà á lọ síwájú díẹ̀, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó délé.

Ní Mọ́ńdè, mo tú fílítà epo lójú mẹkáníìkì wa, bàbá àgbàlagbà kan tó bá bàbá wa ṣọ̀rẹ́. Omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kán mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ń yí gbiri lábẹ́ epo. Bàbá náà ní omi díẹ̀ kì í wọ́n nínú táǹkì tó bá ti gbó, pé kí n dà á nù, ká wo ibòmíràn. Mi ò gbọ́ ọ tán. Omi ni mo rí, àbúrò mi sì ni mo rí nínú omi náà. Mo dúró láàárín àgbàlá, mo sì sọ ọ́ ní ohùn tó dé títì pé ẹni tó sọ pé ọkọ̀ mi máa kọ̀ tí ò ní jí mọ́ ló bu omi sí i, pé ó ti bù ú kí n tó ra kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun kì í tún ọkọ̀ ṣe níbi tí wọ́n bá ti ń jà.

Àbúrò mi jáde sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò pariwo.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

"Ta ló tún kù?"

"Ẹ gbé Àlùkùránì wá. Màá búra."

Àbúrò bàbá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Alájà, ni àgbà ilé. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fi ìbínú búra lójú òun. Ó dá ọjọ́ fún wa: tí a bá ti kírun Jímọ̀ dé, tí ọ̀rọ̀ náà ò bá tíì yanjú, kí àbúrò mi wá búra láàárín àgbàlá kan náà. Àbúrò mi ní ó dáa. Ó di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òkè Àrín. Ó ní òun ò lè sùn nílé tí wọ́n ti pe òun níkà.

Ẹni tí ò bá gbé irú ilé wa rí lè máa rò pé ṣebí ìbúra ló máa parí ọ̀rọ̀. Kì í parí nǹkan kan. Ẹni tó bá búra, kódà kó jẹ́ olóòótọ́, gbogbo ibà tó bá ṣe ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n á máa wojú ara wọn sí. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ti Àlùkùránì tún ju ti kóòtù lọ. Kí ọjọ́ Mọ́ńdè náà tó ṣú ni mo ti mọ̀ pé tí àbúrò mi bá gbé ọwọ́ lé ìwé yẹn nítorí mi, ẹnu lásán la ó máa fi jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀, mo ṣì gbà pé òun ló ṣe é. Mo sọ fún ara mi pé màá tú ọkọ̀ náà títí màá fi rí ẹ̀rí. Tí ẹ̀rí bá ti wà, kò ní sídìí fún ìbúra.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo fa gbogbo epo táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Omi tó jáde nínú rẹ̀ ò kún ìdérí ìgò. Mo fọ fílítà, mo fẹnu fẹ́ páìpù títí epo fi ta mí láhọ́n, páìpù mọ́. Mo da epo padà, mo ti táǹkì, mo ṣíná. Mo ń tẹ iná mọ́ ọn kó lè dà bí ẹni pé mo wà lójú títì. Kò pé ìdajì wákàtí tó fi kú.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo ṣe ohun tí bàbá wa kọ́ wa. Mo so kẹ́ẹ̀gì epo kékeré rọ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo fi rọ́bà gbé epo látinú rẹ̀ lọ sí kabúrétọ̀ tààrà, láìgba táǹkì àti páǹpù tó ń fa epo kọjá. Wákàtí kan gbáko ni ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. A jẹ́ pé kabúrétọ̀ ò ṣàìsàn. Àárín táǹkì sí páǹpù ni àìsàn wà. Mo lọ ra páǹpù epo tuntun, mo dè é. Nígbà tí mò ń dè é, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí ẹnì kan gbé sípánà lé e, nítorí bí èmi àti àbúrò mi ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré nìyẹn. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Ó dùn mí, mo sì tún bínú pé ó dùn mí. Pẹ̀lú páǹpù tuntun náà, ọkọ̀ ò pé ìdajì wákàtí kó tó kú.

Ó wá ku ọjọ́ kan. Ní Alámísì, àwọn ọmọ ti lọ sílé ẹ̀kọ́, ìyàwó àbúrò mi ti lọ sọ́jà, àgbàlá sì dákẹ́ bí kì í ti í dákẹ́. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́, ó wúkọ́, ó kú. Mo dìde lọ ṣí táǹkì, bí mo ti ń ṣe láti Sátidé. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo gbé ọmọrí, mo sì gbọ́ fííì, bí ẹni tó yọrí jáde lábẹ́ omi tó fa èémí símú.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí lọ́wọ́. Ariwo ọkọ̀ ló bo ohùn yẹn mọ́lẹ̀ fún mi ní Adéníji Adélé. Nílé, ariwo ẹnu èmi fúnra mi ló bò ó. Mo fi àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu táǹkì, mo ṣíná. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àílà. Mo fi epo kún un, mo dé ọmọrí padà, mo tì í: ó kú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá mi lójú. Ó tún kú.

Ọmọdé tó ń po kókó mu mọ̀ ọ́n. Ihò méjì la máa ń lù sí agolo mílíìkì, nítorí tí afẹ́fẹ́ ò bá ríbi wọlé, mílíìkì ò ní jáde. Ọmọrí tí bàbá wa lò ní ihò kékeré kan láàárín. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó sì dájú pé ibẹ̀ náà ni òjò ti kán omi díẹ̀ yẹn sí i. Mo yí tèmi sókè sódò nínú oòrùn, mo wá ihò títí, kò sí. Bí mo bá ti tì í, mo ti fún táǹkì lọ́rùn nìyẹn. Bí mo bá ti ṣí i wò, mo ti wò ó sàn láìmọ̀. Àìsàn tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ wá, èmi ni mo fowó rà á, torí pé mi ò fọkàn tán ọmọ bàbá mi.

Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Mo tún pè é títí. Mo lọ bá Alájà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gba ọmọrí náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé ó mọ̀ nípa ọkọ̀.

"Níbo lo ti sọ pé ó bu omi?"

"Àgbàlá ni, mà."

"Ṣé ẹ pọ̀ níbẹ̀?"

"A pọ̀, mà."

"Ẹyin lohùn. O ti fọ́ ọ láàárín èrò, o wá fẹ́ gbá a mọ́ lórí fóònù. Jẹ́ kí wọ́n kírun Jímọ̀ dé."

Ní Jímọ̀, gbogbo ilé wà níbẹ̀. Mo ti bẹ mẹkáníìkì náà, òun náà wá. Àbúrò mi wọlé tòun ti jàlàbíà funfun. Ó ti ṣe àlùwàlá tuntun, omi ṣì wà létí rẹ̀. Àlùkùránì wà lẹ́sẹ̀ Alájà, wọ́n fi aṣọ wé e. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. Mo gbé ọmọrí sókè, mo sọ ohun tí mo ti sọ fún yín yìí, láti orí kọ́kọ́rọ́ dé orí fííì. Mo ní kò bu omi. Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kó má bínú. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mi ò sì wo ẹni tó ń wò mí.

Ó sáré fà mí dìde. Ó gba ọmọrí náà lọ́wọ́ mi, ó wo inú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ká ní ẹ ò rí i ńkọ́? Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n búra?"

Irọ́ tó yẹ wà lẹ́nu mi. Ì bá dùn mọ́ gbogbo ènìyàn tó dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi irọ́ tún un ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Màá jẹ́ kí o búra."

Ó mi orí. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní kó bá òun mú nǹkan yẹn wá. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó mú nǹkan kan jáde nínú ọ̀rá: ọmọrí bàbá wa. Wọ́n ti fọ àkísà etí rẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò mi rí ọmọrí tuntun ló ti lọ ṣà á nínú ìdọ̀tí. Àbúrò mi gbà á, ó lọ sídìí ọkọ̀, ó dé e, ó fún un.

"Ẹ ṣíná sí i ká gbọ́."

Mo ṣíná. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró tì í. Àwọn ará ilé ń túká díẹ̀díẹ̀. Alájà ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì wọlé. Èmi àti àbúrò mi ń tẹ́tí sí i, à ń retí kó wúkọ́. Ìdajì wákàtí kọjá, kò wúkọ́. Nígbà náà ni àbúrò mi wọlé lọ bọ́ aṣọ funfun yẹn, ó sì jáde tòun ti aṣọ iṣẹ́ tó máa ń wọ̀ bá mi tún ọkọ̀ ṣe.