Wọ́n Dá Freedom Mi Dúró Nítorí Cartoon Róbọ́ọ̀tì

Láti Ọ̀bà-Ilé títí dé Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ fi ẹnì kan hàn mí tó mọ fíìmù túmọ̀ jù mí lọ. Kò sí! SS2 ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ń wá bi mí kí wọ́n tó fi data wọn ṣòfò. Torí náà, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Wẹ́dà ni mí. Mo ti parí ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣe freedom fún mi. Màmá mi ti ń ra mínírà pamọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ sá mọ bí ọjà ṣe rí báyìí. Ẹni tí wọn ò bá ṣe freedom fún, ṣé ó lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ni? Ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà á wá tì í pa.

Iná ò sí. Epo wọ́n, ta ló fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ torí géètì ẹnì kan ṣoṣo? A kàn ń jókòó ni. Ni mo bá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Oǹdó, mo gba cartoon àwọn ará Japan kan sínú flash. Àwa ń pè é ní Ẹkún Irin. Ṣọ́ọ̀bù bábà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa la ti ń wò ó, torí Bọ̀dá Tóyìn tó ni ín ní solar. Èmi ni mò ń ka òyìnbó tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, tí mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún gbogbo ilé.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe rí? Róbọ́ọ̀tì kan wà tó ga bí òkè, ọmọdé ló ń wà á. Àmọ́ kì í lo epo o. Ìbànújẹ́ ọmọ yẹn ló ń lò! Tí inú ọmọ náà bá dùn díẹ̀ báyìí, irin á kú síbẹ̀, ọ̀tá á wọ ìlú. Bàbá ẹ̀ ló kan róbọ́ọ̀tì náà. Kí ni bàbá wá ń ṣe? Gbogbo ohun tí ọmọ bá fẹ́ràn, á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó pa ajá ẹ̀. Ó lé ìyá tó ń se oúnjẹ fún un, torí obìnrin yẹn pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan.

Nígbà tó yá, àwọn tá a jọ ń wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìjà dà. Ọmọ náà kàn jókòó sí yàrá, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Àbí inú èèyàn ò lè jà ni? Ó ní àléébù o: orin ẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tó yà á ò sì mọ iṣẹ́ wẹ́dà rárá, apá róbọ́ọ̀tì yẹn á já lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ gbé nǹkan tó wúwo. Àmọ́ ìtàn yẹn wọ̀ mí lára.

Ní Sátidé, ọ̀gá mi wá gẹrun. Ibi tí wọ́n ti ń lé ìyá alásè ló bá wa. Bọ̀dá Tóyìn ń gẹ̀ ẹ́ lọ, ó ní kí n dá ẹjọ́ cartoon yìí, ṣé ó dáa àbí kò dáa. Mo dìde. Mo ní cartoon dáa, bàbá yẹn ni ò dáa. Mo ní ìkà ló ń fi omijé ọmọ ṣe epo. Mo ní ẹni tó ń fìyà jẹ èèyàn tó ń pè é ní ẹ̀kọ́, olè ni, ayọ̀ ẹlòmíì ló ń jí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi! Bọ̀dá Tóyìn ní lọ́yà ló yẹ kí n ṣe, irin ò yẹ mí.

Ọ̀gá mi ò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ẹ̀ ni wọ́n tíì gẹ̀ nígbà tó dìde tòun ti aṣọ bábà lọ́rùn.

"Èmi lò ń pòwe mọ́," ó ní. "Èmi ni bàbá róbọ́ọ̀tì."

Mo ní rárá sà, cartoon là ń sọ. Ó ní ta ló ń fi irú ìbínú yẹn sọ̀rọ̀ cartoon? Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bú àgbà, ẹlòmíì ló máa ń nàka sí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ọjọ́ tó ní kí n di irin mú nínú oòrùn títí ọwọ́ mi fi bó, ọjọ́ tí kò jẹ́ kí n lọ síbi ìsìnkú bàbá mi torí iṣẹ́ oníbàárà. Èmi ò mẹ́nu ba ìkankan níbẹ̀ o! Òun fúnra ẹ̀ ló ń kà á. Ó ní kò sí freedom mọ́, àfi tí mo bá mọ ọ̀wọ̀.

Ọlọ́run gbọ́, mi ò rò ó mọ́ ọn nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó ti kà á tán báyìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ má rò ó mọ́ ọn?

Màmá mi ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mi ní òun gbà, àmọ́ kí n wá dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bábà, lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kí n sọ pé ohun tí bàbá róbọ́ọ̀tì ṣe dáa. Màmá mi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, jágbe mọ́ mi.

"Fẹnu lásán sọ ọ́ kí uṣẹ́ rẹ má bàjẹ́. Ṣé bàbá inú cartoon yẹn ń gbọ́ ni?"

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó ṣe ìkà ló máa ń tètè dá àwòrán ara ẹ̀ mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ṣẹ́ rí, ṣé ọ̀gá yín ti fi freedom dù yín torí ọ̀rọ̀ ẹnu? Kí lẹ ṣe sí i? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, mo fẹ́ kà á.

Màá dọ̀bálẹ̀ o, àyà mi á kanlẹ̀, torí mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù tèmi. Màá ní kí ọ̀gá mi má bínú. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí bàbá róbọ́ọ̀tì, ìkà ni màá tún pè é. Bọ̀dá Tóyìn ti pè mí pé wọ́n ti pé jọ. Mò ń lọ.