Iná Tó Pẹ̀yìn Dà

Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn àgbà ìjọ wa ní Ṣakí ń pè mí ní Apẹ̀yìndà, kì í ṣe pé mo fi Jésù sílẹ̀. Iná ló pẹ̀yìn dà, lórí pátákó, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Bátìrì ilé ìwé wa ti kú nígbà náà, nítorí náà ẹnu àti ṣọ́ọ̀kì ni olùkọ́ wa fi ń kọ́ wa ní ìmọ̀ iná. Ó ya bátìrì méjì tó dojú kọ ara wọn, ó fa ọfà kan láti fi ọ̀nà tí iná ń gbà hàn, ó ní ká ṣírò rẹ̀. Ìdáhùn tèmi ní àmì ìyọkúrò níwájú, ìyẹn ni pé òdì kejì ọfà rẹ̀ ni iná ń ṣàn lọ. Ó fi bírò pupa fa ilà kọjá lórí rẹ̀ nínú ìwé mi.

"Kí ni iná gbàgbé sílé tó fi ń padà?" ló wí. "Ẹ wo apẹ̀yìndà!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan lobìnrin níbẹ̀. Orúkọ náà tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ mi. Obìnrin náà béèrè ìgbàgbọ́ tí mo kẹ̀yìn sí, kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Mo fi físíìsì kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jàre, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí mi dà?

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní pólì, ló gbé ẹlẹ́rìí wálé: ètò kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń so àwòrán wáyà àti bátìrì pọ̀, tí iná yóò sì máa ṣàn bí ẹni pé òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n yìn ín. Mo so wáyà kan sódì, kò jó, kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí. Mo tún un so nígbà mẹ́jọ, kò sú u. Kò sì bi mí bóyá obìnrin ni mí.

Mo ní kí ọmọ náà ya bátìrì méjì ọjọ́un, kó fi míta tó ń wọn iná síbẹ̀, kó sì kọjú rẹ̀ sí ibi tí ọfà kọjú sí.

"Màmá, àmì ìyọkúrò ló gbé jáde o. Ṣé kí n pa á rẹ́?"

"Dán an wò, kí o rí ohun tí ojú ń rí!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá olùkọ́ mi àtijọ́, tó ti di ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa, lábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì rọ̀.

"Apẹ̀yìndà, kí lo gbé wá?" Ó wo ojú ẹ̀rọ náà. "Hà! O ti sọ ẹ̀rọ náà di apẹ̀yìndà."

"Ẹ fọwọ́ ara yín yí míta náà padà, sà."

Ó yí i, àmì ìyọkúrò pòórá. Ó tún un yí, ó padà dé. Ìgbà mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. N kò ràn án lọ́wọ́.

"Ọfà mi ni mo fà sódì," ló wí nígbẹ̀yìn, lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ gbé ohùn sókè, sà. Ariwo lẹ fi sọ ti àkọ́kọ́."

Ó tún un sọ. Àwọn akọrin tó wà nítòsí yíjú sí wa.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, "Tíṣà" ló fi pè mí lójú gbogbo ìjọ. Mo dá a lóhùn. N kò tíì dárí jì í, ṣùgbọ́n mo ti ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi fi ètò náà sínú kọ̀ǹpútà tèmi.