Otilia àti Òrùlé Tí Ìyá Rẹ̀ Fi Sílẹ̀

Otilia ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí ìyá náà ṣí ilé oúnjẹ kan ní àdúgbò Roma, nílùú Mexico. Ẹni tó jẹ àsè ìgbéyàwó rẹ̀ níbẹ̀ a tún mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Nígbà tí ìyá kú, ilé náà di ti Otilia, àti ìkòkò, àti ọlọ ata, àti Crescencio, bàbá arúgbó tó ti ń gbé abọ́ fún àwọn oníbàárà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, Otilia ń yan ata gbígbẹ nínú agbada nígbà tí omi inú garawa bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ ti ń fì í bí ẹni tó ń fẹ́ ọkà. Tòun tàwọn oníbàárà sá jáde. Ojú wọn ló ṣe tí ilé alájà tó wà ní òdìkejì títì fi wó lulẹ̀, eruku sì bo gbogbo ayé.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀ díẹ̀, Otilia wá Crescencio títí, kò rí i. Ó rántí pé bàbá náà lọ bu àgbàdo nínú yàrá ẹ̀yìn. Òórùn gáàsì ti ń jáde látẹnu ọ̀nà. Àwọn èèyàn ní kó má wọlé o, àti pé ògiri ti sán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kọ̀, kò ṣípò. Ìgbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń kan pákó gbà gbà gbà láti inú ló tó wọlé. Ó pa gáàsì. Ó bá bàbá náà lábẹ́ pẹpẹ tó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán.

“Otilia, jáde lọ. Mo ti jẹun yó láyé.”

“Ẹ dákẹ́, Bàbá. Ẹ̀rù tó ń bà mí ti tó, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ikú kún un.”

“Ta ló fẹ́ gbé mi? Ìwọ tí apá rẹ ò ju ọmọ orógùn lọ?”

Ó fà á tuurutu dé ojú títì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ tún mì, ohun tó kù nínú ìgboyà Otilia sì gbẹ.

Àwọn tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ yẹ ògiri náà wò, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní kò léwu mọ́. Otilia kò lè wọ inú ilé náà. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà, á yí padà sí ojú títì. Ó gbé ààrò síta, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ àwọn tó ń wú òkú lábẹ́ àwókù ilé. Oṣù gorí oṣù, ìta náà ló wà, àwọn aládùúgbò sì ń pè é ní olóúnjẹ aláìnílé.

Lọ́jọ́ kan, Crescencio fi ọ̀pá tilẹ̀ dé. Kò jókòó síta. Ó wọlé, ó jókòó sí tábìlì, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Otilia bẹ̀ ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà pé kó jáde.

“Àbí ẹ̀rù ò bà yín ni, Bàbá?”

Bàbá náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó ń gbọ̀n bí ewé.

“Wò ó. Mi ò lè dá bẹ̀rù níbí. Wá jókòó tì mí.”

Otilia gbé abọ́ ẹ̀wà, ó wọlé, ó gbé e kalẹ̀, ó sì sáré jáde. Lọ́jọ́ kejì ó dúró títí bàbá fi jẹ ẹ́ tán. Kí ọdún Kérésì tó dé, ààrò ti padà sínú ilé.

Ẹ̀rù náà kò kúrò lára rẹ̀ títí tó fi darúgbó. Ó ní kí wọ́n wó ògiri ojú títì, kí wọ́n fi ilẹ̀kùn gbàgàdà dípò rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í nígbà tí èèyàn bá ń jẹun. Àwọn oníbàárà ń kùn pé òtútù ń mú àwọn. Ó ní kí wọ́n wọ ẹ̀wù wá.