Àwo Orin Sanmí Tí Kò Lóhùn Ènìyàn

Ṣé Ọlọ́run máa ń gbọ́ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú? Èmi akọ̀wé ìjọ, tí mo ń gbàdúrà láti kékeré, n kò tíì mọ̀. Ọ̀rọ̀ ni mo máa ń tò jọ, kí n má baà gbọ́ bí ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ṣe dákẹ́.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Sanmí ti ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wa l'Ákanran. Bó bá ti ta á débi tó dùn, àwọn akọrin á figbe bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dá ṣe àwo tirẹ̀, gìtá nìkan, kí ìjọ lè gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan péré.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gbé e wá síwájú pẹpẹ fún ìyàsímímọ́, bí a ṣe ń ṣe ohun tuntun gbogbo. A tan ẹ̀rọ, a dúró de ohùn olórin.

"Sanmí, ìgbà wo lorin máa bẹ̀rẹ̀?" Ìyá Ìjọ béèrè.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, mà."

"Ó mà ṣe o! Ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́."

Wọ́n bá dá orin lé e. Gbogbo ìjọ gbè é tàtẹ́wọ́tàtẹ́wọ́ títí gìtá fi pòórá. Ohùn tèmi ló ròkè jù. Wọ́n ní àwo náà lágbára gan-an.

Nírọ̀lẹ́, Sanmí gbé sípíkà kékeré wá sílé mi.

"Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ẹyọ orin kan tán. Ẹ má gbè é o. Ẹ má ṣe àmín pàápàá."