Àdúrà Bàbá Titus Lórí Alùpùpù Akínwùmí

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin ni Akínwùmí rí i dájú pé alùpùpù òun kórìíra òun. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi sùn nínú gáréèjì wọn ní àdúgbò Canarsie, lókè òkun lọ́hùn-ún, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Akínwùmí fúnra rẹ̀ ò sùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wíńtà lọ, ewé yọ, wọ́n gbé e síta, ó ní òun ò jí.

Ó ti ra bátìrì tuntun sí i. Síbẹ̀, tó bá tẹ sitátà, ẹ́ńjìnnì á ṣe "kẹhẹ-kẹhẹ-kẹhẹ" bí ìyá arúgbó tí ata há sí lọ́fun, á sì dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó wá burú ni pé Adétóun, ìyàwó rẹ̀, ti sọ tirẹ̀.

"Gáréèjì yìí ni mo fẹ́ máa kó ẹrù sí. Tí aago méjìlá ọ̀sán òní bá lù tí nǹkan yìí ò dún, Xavier á gbé e lọ. Tó bá dún, ó dúró. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Xavier ni aládùúgbò wọn tó ń ra irin àlòkù. Aago mọ́kànlá ò tíì lù tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá síwájú ilé. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń wo alùpùpù náà bí ẹni ń wo ẹran ọdún.

Akínwùmí mọ ohun tó ń ṣe é. Epo oṣù kọkànlá ló ṣì wà nínú táǹkì. Ó ti bàjẹ́, ó ń rùn bí ọ̀dà. Kó fà á dà nù, kó rọ tuntun sí i, ó parí. Epo tuntun ti wà nílẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Àfi bó ṣe ní kóun bẹ̀rẹ̀ tí Bàbá Titus yọ.

Alàgbà ni Bàbá Titus nínú ìjọ wọn, ó sì ti tún alùpùpù ṣe rí ní Ìkìrun, ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Òun ló dúró bíi bàbá fún Akínwùmí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ojú wo lèèyàn á fi sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n?

"Púlọ́ọ̀gì ni!" Bàbá ti kígbe kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, mo rò pé epo yẹn ló ti..."

"Epo kì í bàjẹ́, Akin! Ṣé wàrà ni?"

Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi sáńpépà ha á, ó dá a padà. Kẹhẹ-kẹhẹ. Ó tún yọ ọ́, ó tún ha á. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, púlọ́ọ̀gì náà ti ń dán débi pé èèyàn lè wò ó fá irùngbọ̀n. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Xavier ti jẹ búrẹ́dì tán, ó ń tú okùn.

Akínwùmí wo aago, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀. "Bàbá, àbí kẹ́ ẹ kúkú gbàdúrà sí i?"

Ojú Bàbá tàn yòò. Ó ṣí fìlà, ó gbọ́wọ́ lé ìjókòó alùpùpù, ó dijú. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé tí Bàbá Titus bá ti dijú, ó dìgbà. Ọjọ́ tó gbàdúrà sórí ìrẹsì níbi ìkómọ, ọmọ ọ̀hún ti ń rákò kó tó ṣe àmín.

Akínwùmí wọ abẹ́ alùpùpù. Ó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, ó yọ rọ́bà epo, epo burúkú ń dà ṣọ̀ọ̀. Ọ̀dọ̀ Ádámù ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ Nóà. "Àmín!" ni Akínwùmí ń wí láti ìsàlẹ̀. Ó tú ìdí kábúrétọ̀, epo tó kù níbẹ̀ dà sí i lápá. Bàbá gbàdúrà fún àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin E train ní àdúgbò Jamaica. "Àmín sà!"

"Àti àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí kì í gbọ́ ti àgbà, Olúwa, mú wọn!"

"Àmín o!" Epo tuntun ló ń rọ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ó gbójú sókè, ó rí Adétóun lójú fèrèsé tó fọwọ́ bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. "Lórúkọ Jésù," ni Bàbá wí níkẹyìn. Akínwùmí tẹ sitátà. Kẹhẹ. Kẹhẹ-kẹhẹ. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tu èéfín dúdú sí Bàbá lára, ó wá bú ramúramù tí gbogbo ẹyẹlé Canarsie fi kó lọ sí Harlem lódìkejì ìlú.

Bàbá fò sókè. "Mi ò sọ bí? Mo ní púlọ́ọ̀gì ni!"

Akínwùmí fẹsẹ̀ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì epo burúkú sẹ́yìn. "Ẹ ṣeun sà."

"Ó dúró," ni Adétóun wí láti ojú fèrèsé. Xavier ká okùn rẹ̀, ó wakọ̀ lọ.

"Ó yá, pa á," ni Bàbá wí, ó tún ti mú sáńpépà. "Jẹ́ n ha á lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè pẹ́."

"Rárá sà!"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Akínwùmí máa kọ̀ fún Bàbá nìyẹn. Ó gbé akoto kọ́rí, ó fi sílípáàsì gun alùpùpù, ó sá lọ. Ìgbà mọ́kàndínlógún ló yí àdúgbò náà po, ó ń yọjú wò ní kọ̀ọ̀nà bóyá mọ́tò Bàbá ti kúrò níwájú ilé.